Àpò Àfọ́kù Táìlì Ni Mo Gbé Wá, Mi Ò Ya Àwòrán Kankan

Ọ̀rọ̀ tí mo sọ níwájú ẹgbẹ́ lándílọ́ọ̀dù, ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ àti àwọn ìyá ọlọ́jà àdúgbò kan ní Ìbàdàn nìyí, lórí ilẹ̀ ààtàn tí wọ́n fẹ́ sọ di ọgbà ìgbafẹ́. Mo tún un kọ kó lè ṣeé kà, mo sì fi ìbéèrè tí wọ́n bi mí sí ìparí.

Baálẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀. Alága, ẹ kú ètò. Ẹ̀yin ìyá wa tó ti ọjà wá, mo mọ̀ pé ọ̀dọ̀ ọmọ tẹ́ ẹ fi ti àtẹ ni ọkàn yín wà, mi ò ní pẹ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó dúró lẹ́bàá ìlẹ̀kùn bí ẹni tó fẹ́ sá lọ, ẹ sún mọ́ iwájú díẹ̀, torí ẹ̀yin gan-an ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀.

Nígbà tí alága pè mí lórí fóònù, ohun tí wọ́n sọ ni pé, "Ẹ bá wa ya ọgbà náà sórí ìwé wá, kí gbogbo ilé rí bó ṣe máa rí." Mo ní mo gbọ́. Mo gbọ́ lóòótọ́, àmọ́ mi ò yà á. Àpò sìmẹ́ńtì tó wà lẹ́sẹ̀ mi yìí ni mo gbé wá, àfọ́kù táìlì ló kún inú ẹ̀. Mo ṣà á lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń ta táìlì, wọn ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi. Kódà wọ́n ń dúpẹ́ pé mo bá àwọn palẹ̀ mọ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ kan. Bí mo bá sọ pé páàkì ni mò ń lọ, ẹ ó bi mí pé ọkọ̀ ibo ni mo fẹ́ wọ̀. Páàkì tiwa, kọ̀ńdọ́ ló ń pariwo níbẹ̀, àwọn kan sì ń já tíkẹ́ẹ̀tì. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń pe eléyìí ní ọgbà ìgbafẹ́. Àmọ́ ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé ohun òyìnbó ni. Abẹ́ igi odán, ojúde ọba, ojúde Baálẹ̀ níbi tí àgbà ti ń ta ayò, tí ọmọdé ti ń ṣe bojúbojú lábẹ́ òṣùpá, kí la fẹ́ pe ìyẹn? Ohun tó jẹ́ tuntun lójú tèmi ni kí wọ́n mọ odi yí ilẹ̀ ká, kí wọ́n gbé ère síbẹ̀, kí wọ́n wá máa bẹ ènìyàn pé kó wá jókòó.

Èmi náà ti wà lára àwọn tó ń bẹ̀bẹ̀ yẹn rí.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, wọ́n pè mí sí ìlú kan, mi ò ní dárúkọ rẹ̀, pé kí n fi iṣẹ́ ọnà tún gbàgede kan ṣe. Mo ya á sórí kọ̀ǹpútà, ó dùn ún wò. Mo mọ ère àyàn kan tó gbé dùndún kọ́ èjìká, ó ga ju ènìyàn lọ. Mo da kọnkéré yí i ká, mo fi ọ̀dà kun ún ní àrà lóríṣiríṣi, mo to bẹ́ńṣì mẹ́fà sí etí rẹ̀. Lọ́jọ́ ìṣíde, àwọn èèyàn ńlá gé okùn, a ya fọ́tò, mo gba owó mi, ó di ilé.

Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, mo gba ibẹ̀ kọjá. Èlùbọ́ ni wọ́n sá kún gbogbo ilẹ̀ tí mo kùn. Wọ́n ta okùn láti ọrùn àyàn mi lọ sí òpó iná, ṣòkòtò ọmọ iléèwé sì ń fẹ́ lẹ̀lẹ̀ lójú dùndún. Inú bí mi. Mo bi ìyá kan tó ń yí èlùbọ́ rẹ̀ padà pé ta ló ní kí wọ́n máa lo ibẹ̀ báyẹn. Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ó ní, "Àbí ìwọ lo ṣe é? O ṣeun, ọmọ mi. A ò níbi tó mọ́ tá a lè sá nǹkan sí tẹ́lẹ̀. Ère yẹn nìkan ló ń dí wa lọ́wọ́."

Ẹ rẹ́rìn-ín, kò burú. Èmi ò rín in lọ́jọ́ náà.

Ó pẹ́ kó tó yé mi pé ìyá yẹn kò bú mi. Èyí tó tún wá pẹ́ jù ni kí n tó mọ ibi tí mo ti ṣi ẹsẹ̀ gbé. Mo kọ́kọ́ rò pé àṣìṣe mi ni pé mi ò béèrè lọ́wọ́ wọn. Òótọ́ ni, mi ò béèrè. Ṣùgbọ́n ká ní mo béèrè ńkọ́? Wọn ì bá pe ìpàdé, Baálẹ̀ ì bá sọ̀rọ̀, alága ì bá sọ̀rọ̀, ọlọ́rọ̀ kan ì bá ní òun fẹ́ ibi tí omi ti ń tú sókè bíi ti Dùbáì, ìyá elélùbọ́ ì bá jókòó sẹ́yìn láìlanu. Lẹ́yìn gbogbo ẹ̀, èmi náà ni ǹ bá padà lọ mọ ère mi. Ibi tí mo ti ṣìṣe ni pé kò sí ihò kankan nínú iṣẹ́ náà tí ọwọ́ ẹlòmíì lè gbà wọlé. Kọnkéré tó ga ju ènìyàn lọ, irin inú rẹ̀, bó ṣe máa dúró tí kò ní wó, èmi nìkan ló mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá fẹ́ bá mi ṣe, kí ló fẹ́ ṣe? Kó bu omi wá. Ohun èlò tí mo yàn ti ti ìlẹ̀kùn mọ́ wọn kí n tó wọ ìlú.

Ohun tí mo bá wá lónìí nìyẹn. Ẹ máa ń gbọ́ pé kí oníṣẹ́ ọnà àti ìjọba fi ọ̀rọ̀ lọ ará àdúgbò. Ó dáa. Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ wo ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe iṣẹ́ náà, ibẹ̀ lẹ ó ti mọ̀ bóyá lóòótọ́ ni wọ́n fẹ́ bá yín ṣe é.

Ẹ jẹ́ kí n mú yín lọ sí Ilé-Ifẹ̀ kan tí kò sí ní Ifẹ̀.

Ní ìhà àríwá ìlú Philadelphia, ní Amẹ́ríkà, oníjó kan wà tó ń jẹ́ Arthur Hall, aláwọ̀ dúdú ni. Ó dá ẹgbẹ́ oníjó sílẹ̀ ní 1958, ijó ilẹ̀ Áfíríkà ni wọ́n ń jó. Ní 1969, ó ṣí ilé àṣà kan sí àdúgbò tí àwọn òtòṣì pọ̀ sí, ó sì sọ ọ́ ní Ile Ife. Ẹni tí ọkọ̀ ẹrú gbé bàbá ńlá rẹ̀ lọ ń wá orúkọ tó fẹ́ pe ilé, kò rí èyí tó wù ú ju ibi ojúmọ́ ti ń mọ́ wá. Ìyẹn tó ọ̀rọ̀ lọ́tọ̀, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mìíràn.

Àdúgbò náà ti ṣubú nígbà yẹn. Àwọn ilé iṣẹ́ tó ń gba ènìyàn síṣẹ́ ti kógbá wọlé, àwọn tó lówó ti kó lọ, ilé tó ṣófo ń jóná, àwọn mìíràn ni ìjọba wó. Ibi tí wọ́n bá ti wó ilé, ààtàn ni ń dà. Tírélà ìdọ̀tí, bẹ́ẹ̀dì tó ti ya, abẹ́rẹ́ tí àwọn tó ń fa oògùn olóró jù sílẹ̀. Irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé Arthur Hall. Ní 1986, ó ké sí obìnrin kan pé kó wá bá òun fi ibẹ̀ ṣe ọgbà.

Obìnrin náà ni Lily Yeh. Ṣáínà ni wọ́n bí i sí, Taiwan ló dàgbà sí, ó wá kẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ọnà ní Philadelphia, ó sì ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga níbẹ̀. Kì í ṣe ará àdúgbò. Kì í ṣe aláwọ̀ dúdú. Kò kọ́ ọgbà rí láyé rẹ̀. Gbogbo owó tó rí gbà láti ọ̀dọ̀ àjọ tó ń rí sí iṣẹ́ ọnà ní ìpínlẹ̀ náà jẹ́ 2,500 dọ́là. Àwọn ènìyàn kìlọ̀ fún un pé àwọn ọmọ àdúgbò yóò ba gbogbo ohun tó bá ṣe jẹ́, ẹ̀rù sì bà á débi pé ó fẹ́ dá owó padà.

Ó lọ ṣá. Nígbà tó débẹ̀, kò mú àwòrán dání. Ó fi igi fa òbìrí kan sí àárín ilẹ̀ náà, ó ní ibẹ̀ ni iṣẹ́ ti máa bẹ̀rẹ̀. Ta lẹ rò pé ó kọ́kọ́ wá bá a? Àwọn ọmọdé ni. Ọmọ tí kò níbi tó ń lọ lásìkò ìsinmi, tó rí obìnrin kan tó ń ṣa òkúta lójú oòrùn, kó tó mọ̀, òun náà ti ń bá a ṣà. Lẹ́yìn ìyẹn, ọkùnrin àdúgbò kan tí wọ́n ń pè ní JoJo dara pọ̀ mọ́ ọn. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ẹlòmíràn tó ga gògòrò, James Maxton lorúkọ rẹ̀, Big Man ni gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí. Oògùn olóró ti bá ọ̀pọ̀ ọdún ayé rẹ̀ jẹ́. Lily Yeh ò bi í léèrè ìwé ẹ̀rí. Ó kó àfọ́kù táìlì fún un, ó fi hàn án bí wọ́n ṣe ń tò ó sínú sìmẹ́ńtì tútù kó tó gbẹ. Iṣẹ́ tí àwọn olóyìnbó ń pè ní mosaic nìyẹn.

Big Man di ọ̀gá nídìí iṣẹ́ náà. Ọ̀nà tóóró kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Angel Alley, àwọn áńgẹ́lì ńlá oníyẹ̀ẹ́ ló wà lára ògiri, àfọ́kù lórí àfọ́kù, ọwọ́ rẹ̀ ló to wọ́n. Kí ó tó kú ní 2005, ó ti di ọ̀kan lára àwọn tó ń darí ẹgbẹ́ náà, tó sì ń kọ́ ọmọ ẹlòmíràn níṣẹ́. Ẹgbẹ́ ọ̀hún, tí wọ́n wá ń pè ní Village of Arts and Humanities láti 1989, ti sọ ilẹ̀ ààtàn tó lé ní 120 di ọgbà kékeré àti oko nígbà tí Lily Yeh fi ibẹ̀ sílẹ̀ ní 2004. Ọgbà àkọ́kọ́ sì ń jẹ́ Ile Ife Park títí dòní.

Mo ti ronú lórí ìtàn yìí gan-an. Àwọn kan á ní ìfẹ́ ló ṣe é. Bẹ́ẹ̀ ni, ìfẹ́ wà níbẹ̀. Àmọ́ ẹ wo 2,500 dọ́là yẹn. Ká ní wọ́n fún un ní ìlọ́po ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ni, kọńtírákítọ̀ ló máa pè. Àwọn kọńtírákítọ̀ á gbé mábù wá, wọ́n á lé àwọn ọmọ kúrò lójú iṣẹ́ kí òkúta má ba à ṣe wọ́n léṣe. Owó ò tó, òye ò tó, ló bá di dandan kó yan ohun tí kò gbówó, tí ọmọ ọdún méje lè dì mú, tó sì jẹ́ pé bí ẹnì kan bá tò ó wọ́, a ò ní rí wíwọ́ rẹ̀ bí a bá fẹ̀yìn sẹ́yìn díẹ̀.

Ibi tí orí mi ti wú nìyí. Àwọn ará Philadelphia sọ ọgbà ní Ilé-Ifẹ̀, wọ́n fi àfọ́kù tò ó. Ilé-Ifẹ̀ tiwa ńkọ́? Ẹni tó bá ti dé Ifẹ̀ tó rí ibi tí wọ́n ti hú ilẹ̀ á mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Láàárín bí ọdún 1000 sí 1400, àwọn ará Ifẹ̀ fi àpáàdì tẹ́ àgbàlá àti ojú ọ̀nà wọn. Wọn ò kàn dà á sílẹ̀. Wọ́n to ìkòkò fífọ́ ní ìdúró, kí etí rẹ̀ kọjú sókè, ìlà kan dà síhìn-ín, ìlà kejì dà sọ́hùn-ún, bí eegun ẹja. Ibòmíràn, wọ́n á fi òkúta funfun wẹ́wẹ́ là á láàárín. Ìtàn Ifẹ̀ sọ pé Ọọ̀ni Lúwo, obìnrin tó jọba, ló pàṣẹ rẹ̀ nítorí kò fẹ́ kí ẹrẹ̀ ta sí òun láṣọ, àti pé títò rẹ̀ ló fi ń jẹ àwọn tó bá ṣẹ̀ níyà.

Mi ò sọ pé Lily Yeh kọ́ ọ lára Ifẹ̀ o. Kò sí ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí mò ń wí ni pé ìṣòro kan náà ló kọjú sí àwọn méjèèjì: ilẹ̀ fẹ̀, ọwọ́ tó mọṣẹ́ kò pọ̀, ọwọ́ tí kò mọṣẹ́ pọ̀ rẹpẹtẹ, ohun tó fọ́ sì wà nílé gbogbo ènìyàn. Àwọn àgbà ní àpáàdì ló tó ko iná lójú. Ó jọ pé ó tó ko ààtàn lójú pẹ̀lú.

Ẹ jẹ́ ká sún mọ́ ilé díẹ̀ sí i. Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo. Mo fẹ́ ṣọ́ra níbí, torí igbó òrìṣà ni, kì í ṣe ọgbà ìgbafẹ́, ẹni tó bá lọ síbẹ̀ bí ẹni ń lọ jẹ súyà kò mọ ibi tó wà. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí iṣẹ́ ọnà ibẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀. Susanne Wenger, oníṣẹ́ ọnà ọmọ ilẹ̀ Austria tí a mọ̀ sí Àdùnní Olórìṣà, dé Nàìjíríà ní 1950. Ikán ti ń jẹ ojúbọ Ọ̀ṣun, wọ́n ní kó bá àwọn tún un ṣe. Àwọn wo ló bá a ṣe é? Adébísí Akànjí, bíríkìlà ni. Kàsálì Àkàngbé, ìdílé agbẹ́gilére ló ti wá. Buraimoh Gbàdàmọ́sí náà wà níbẹ̀. Sìmẹ́ńtì, amọ̀ àti igi ni ohun èlò wọn, ohun tí ọwọ́ wọn ti mọ̀ kí Àdùnní tó dé. Akànjí ò ní láti lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń yọ́ bàbà. Ó ti ń po sìmẹ́ńtì tẹ́lẹ̀, ó kàn bẹ̀rẹ̀ sí í fi í sọ̀rọ̀ ni. Wọ́n kéde igbó náà ní ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní 1965, ó wọ ìwé àjogúnbá àgbáyé ti UNESCO ní 2005. Àdùnní kú ní 2009, àwọn ọmọ iṣẹ́ ò jáwọ́, torí kì í ṣe ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo ni iṣẹ́ náà wà.

Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo tún fẹ́ kúrò nílé. Ní Hamburg ní Jámánì, àdúgbò kan ń jẹ́ St. Pauli. Ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, ìlú fẹ́ ta ilẹ̀ kan tó kọjú sí odò Elbe fún àwọn tó máa kọ́lé sí i. Ará àdúgbò ní rárá, ọgbà làwọn fẹ́. Àwọn oníṣẹ́ ọnà tó ń gbé láàárín wọn bá wọn gbé kọ̀ǹténà kan kalẹ̀. Wọ́n kó amọ̀ ìṣeré ọmọdé sínú rẹ̀, kí ẹni tí kò mọ àwòrán yíyà fi mọ ohun tó ń wù ú. Wọ́n fi nọ́ḿbà fóònù sílẹ̀ fún ẹni tí èrò bá ta jí lóru. Kí ẹnikẹ́ni tó fún wọn láṣẹ, wọ́n ti ń ṣe àríyá lórí ilẹ̀ náà bí ẹni tó ti gba ọgbà tán. Park Fiction ni wọ́n pè é. Ó ṣí ní 2005. Ẹni tó bá débẹ̀ á bá igi ọ̀pẹ onírin, á sì bá pápá koríko tó rí gẹ́lẹ́ bíi kápẹ́ẹ̀tì tó ń fò. Kò sí ayàwòrán ilé kan tó máa dá jókòó sí ọ́fíìsì kó ronú kan ọ̀pẹ onírin. Amọ̀ ọwọ́ ọmọdé ló máa ń bí irú ẹ̀.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká sọ òdìkejì rẹ̀, kẹ́ ẹ má bàa rò pé mo wá ta oògùn gbogboǹṣe fún yín.

Àwọn kan á ní bí gbogbo ayé bá fọwọ́ sí i, ṣé kò ní rí játijàti? Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Mo ti rí ògiri tí wọ́n ní kí kálukú kùn bó ṣe wù ú, ojú ń roni láti wò ó. Oníṣẹ́ ọnà tó bá ní kí kálukú ṣe ohun tó wù ú, ọ̀lẹ ni, ó fẹ́ kí orúkọ àwọn ará àdúgbò bo àléébù òun. Lily Yeh fa òbìrí kó tó pe ọmọ. Ẹni tó to àpáàdì ní Ifẹ̀ mọ ibi tí ìlà máa dà sí. Iṣẹ́ tèmi ni láti fa ìlà, kí n yan àwọ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí n sì láyà láti sọ fún ẹni tó gbé àwọ̀ karùn-ún wá pé rárá, ẹ jọ̀ọ́.

Ọ̀rọ̀ ìpàdé wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ní ìpàdé bí irú èyí, ẹni tó nílé ló ń sọ̀rọ̀, ayálégbé ń wo ilẹ̀. Mo ti kà wọ́n láti ìgbà tí mo ti dé: ọkùnrin mọ́kànlá ló ti sọ̀rọ̀, obìnrin kan ṣoṣo, òun náà, àdúrà ló gbà. Mi ò bú yín o. Bí ìpàdé ṣe máa ń rí nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn mẹ́wàá bá jókòó yí táìlì ká, tí ọwọ́ ń ṣiṣẹ́, ẹnu á là fúnra rẹ̀. Níbẹ̀ lẹ ó ti gbọ́ ta ló ń da ìdọ̀tí lóru, ibi tí àwọn ọmọbìnrin ń bẹ̀rù láti gbà kọjá lálẹ́, ibi tí omi ń gbà.

Omi gan-an ńkọ́? Ìbàdàn la wà, mi ò lè kọ́ yín ní ohun tí àkúnya odò Ògùnpa ṣe ní 1980, àwọn mìíràn nínú yín ló gbé ọmọ sáré, àwọn ọmọ yín sì rí ti 2011. Ilẹ̀ yín yìí dà gẹ̀rẹ́ sí odò. Bí ẹnikẹ́ni bá wá sọ pé òun fẹ́ da kọnkéré bò ó látòkè délẹ̀, ẹ lé e. Ẹ jẹ́ kí ibi tí omi ń gbà máa jẹ́ ti omi, ẹ gbin igi sí i. Táìlì wa, orí ìjókòó, ara ògiri ilé ẹ̀kọ́ àti ojú ọ̀nà ẹsẹ̀ ló máa wà.

Bí a ṣe ń ṣe é rèé. (Mo da àpò náà sílẹ̀ níbí, mo pe ọmọkùnrin kan láti ẹ̀yìn.) Má ṣe fọ́ ọ ní gbangba, á ta sí ọ lójú. Fi àpò wé e, fi hámà lù ú lẹ́ẹ̀mejì, má lù ú lẹ́ẹ̀kẹta, ó máa di ìyẹ̀fun. Wo eléyìí, ó fọ́ bí etí ìràwọ̀, ó dáa. Bó bá mú, fi òkúta ra ẹnu rẹ̀ díẹ̀, torí ọmọdé á jókòó lé e. Po sìmẹ́ńtì kí ó ki, kó má ṣe ṣàn. Wàá tẹ táìlì wọ inú rẹ̀ títí tí sìmẹ́ńtì á fi dé etí rẹ̀, wàá fi àyè ìka kékeré sílẹ̀ láàárín èyí àti èkejì. Má kánjú nu ojú rẹ̀. Bó bá fẹ́ẹ́ gbẹ, fi fóòmù tútù nù ún, àwọ̀ rẹ̀ á yọ. Ó tán. Ìwọ náà ti mọ̀ ọ́n. Kí lorúkọ rẹ? Má sọ ọ́ fún mi, tẹ̀ ẹ́ sínú rẹ̀ kó tó gbẹ.

Alága bi mí pé èló ni gbogbo rẹ̀ máa jẹ́. Mo ní kí wọ́n jẹ́ ká fi àpò sìmẹ́ńtì méjì ṣe ìjókòó kan ṣoṣo, ká wo ẹni tó wá àti ẹni tó padà wá lọ́jọ́ kejì, kí wọ́n tó ní kí n kọ iye kankan sílẹ̀. Inú wọn ò dùn tó sí ìdáhùn yẹn, mo rí i lójú wọn. Ọ̀dọ́ kan bèèrè pé ṣé wọ́n máa sanwó fún àwọn tó bá ṣiṣẹ́. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, àwọn tó bá ń ṣe é lójoojúmọ́ gbọ́dọ̀ gbowó. Ọ̀fẹ́ ni ti ọjọ́ Sátidé, iṣẹ́ ni ti ọjọ́ Mọ́ńdè, ẹni tó bá pa méjèèjì pọ̀ ń fi ará àdúgbò ṣe ẹrú. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi níbẹ̀, àtẹ́wọ́ kan ṣoṣo tí mo gbà lọ́jọ́ náà.

Ìyá kan tó ń ta ata gígún dìde, ó ní ìbéèrè tòun kò pọ̀: ta ló máa máa gbá ibẹ̀? Mo ní ta ló ń gbá iwájú ṣọ́ọ̀bù wọn báyìí. Ó ní òun ni. Mo ní kí ló dé tí wọn ò fi í sílẹ̀ fún ìjọba. Ó ní, "Níbi tí mò ń sá ata mi sí?"

Mo bẹ Baálẹ̀ kí wọ́n jẹ́ ká jáde. A lọ sórí ilẹ̀ náà, gbogbo wa, ìdọ̀tí ń rùn, oòrùn mú. Mo mú igi kan fún ìyá náà, mo ní kí wọ́n fa ibi tó máa tó wọn láti sá ata sí. Wọ́n ká ìró wọn sókè díẹ̀, wọ́n rìn yí ibì kan ká tí oòrùn ti ń dé títí di ìrọ̀lẹ́, wọ́n ń fa igi nílẹ̀ bí wọ́n ṣe ń lọ, àwọn ọmọdé sì ń tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n fà á dé ibi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n na igi náà sí mi, wọ́n ní ibi tí àwọn fẹ́ nìyẹn, kí n má ṣe gbé ère kankan sí àárín rẹ̀.